Àga Ìyá Àgbà Ni Mo Yá Lò

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ eegun ẹ̀yìn yín, ẹ rọra jókòó, ẹ má tíì sunkún. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà rí, mo sì wà níbí yìí tí mò ń jẹ ẹ̀pà. Kàmọ́rù lorúkọ mi, ọmọ Baba Onípákó ní Jikwoyi. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo gbà nínú ìṣirò, ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni, mi ò fẹ́ kó tún padà. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣubú síbi tí mo ṣubú sí.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Lẹ́yìn tí mo parí ilé-ìwé, Bàbá mi ní kí n máa bá òun lọ sọ́jà Dei-Dei, níbi tó ti ń ta pákó láti ìgbà tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tí mo bá gbé pákó kan ṣoṣo, màá sinmi bí ẹni tó gbé odindi ilé. Torí náà, nígbà tí mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, ta ló fẹ́ gbà mí gbọ́?

Bàbá mi ní, "Ẹ̀yìn wo, Kàmọ́rù? Èyí tó o fi ń sùn yẹn?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́.

Àmọ́ ìrora yẹn ò lọ. Ó wà níbẹ̀ bí àlejò tó ti bọ́ bàtà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á gbóná. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, òógùn á ti rin bẹ́ẹ̀dì. Ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi, inú mi tún ń dùn, mo rò pé mo ti ń rí bí àwọn olórin inú fóònù. Ẹ ò rí òmùgọ̀? Àìsàn ń jẹ mí lọ, èmi ń wo dígí, mò ń ya fọ́tò.

Ẹsẹ̀ ló wá kàn. Sílípáàsì mi á yọ lẹ́sẹ̀, mi ò ní mọ̀, àfi tẹ́nì kan bá pè mí padà. Ilẹ̀ wá dà bí òwú lábẹ́ mi. Mo rántí àárọ̀ kan ní Dei-Dei, oòrùn ń tàn gba inú eruku pákó wọlé, gbogbo afẹ́fẹ́ pọ́n bíi wúrà, òórùn igi tútù gba ibi gbogbo, mo sì ń rìn láàárín ẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ìkùukùu. Ó dùn. Àfi bí ẹni ń lá àlá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ọkùnrin Hausa kan tó ń kọjá pariwo, "Kai! Sànnu!", ó ń kí mi pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ dìde kí n dá a lóhùn, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́. Mo ní kí wọ́n dìde, bí tíṣà ṣe máa ń sọ fún mi ní kíláàsì, bí mo ṣe máa ń ṣe tíṣà náà ni wọ́n ṣe mí.

Ká tó rántí ọsibítù, gbogbo mọ̀lẹ́bí ti di oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n Màmá mi tó ń gbé ní Orozo gbé àgbo wá, ó ní mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́jà ni. Wọ́n fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀ títí mo fi ń dán bíi mọ́tò tuntun. Mo mu omi hàńtú tí àáfà fọ̀ lára wàláà títí ikùn mi fi ń dún. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má gbàdúrà o, àdúrà Màmá mi ni mò ń jẹ títí dòní. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó máa ń wọ́ èèyàn lára. Ó fi orúnkún lé ẹ̀yìn mi, ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan dún "kọ́". Èyí tó kù nínú agbára ẹsẹ̀ mi bá dídún yẹn lọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gun ẹ̀yìn yín láì tíì ya fọ́tò eegun ibẹ̀.

Takisí ló gbé wa lọ sí ọsibítù ńlá kan láàárín ìlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ mọ bó ṣe rí. Bẹ́ǹṣì gígùn ni, tẹ́nì kan bá dìde níwájú, gbogbo wa á sún ìdí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Èmi ò lè sún ara mi, Bàbá mi ló ń sún mi. Wọ́n ní ká lọ ya fọ́tò eegun, wọ́n ní ká lọ gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ká padà wá lọ́la. Owó pákó ń lọ bí omi, ojú Bàbá mi sì ń kéré sí i. Èmi ń wo fáànù òkè àjà. Ó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yí. Mò ń rò ó pé tí wọ́n bá so mí mọ́ ọn, bóyá á gbé mi gba ojú fèrèsé jáde, á sọ̀ mí kalẹ̀ ní Jikwoyi.

Nígbà tó kàn wá, dókítà obìnrin kan gbé fọ́tò náà síbi iná. Eegun ẹ̀yìn mi wà níbẹ̀ bí àkàbà funfun, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ gun òkè sì ti jẹrà.

Ó ní, "Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni."

Màmá mi fò dìde. "Dókítà, ẹ má bínú, ọmọ yìí ò hukọ́ rí! Kàmọ́rù, hukọ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo gbìyànjú. Kò sí ikọ́ kankan níbẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ò mọ ikọ́ hú.

Dókítà yẹn ní kì í ṣe àyà nìkan ló ń wọ̀, ó lè lọ sápamọ́ sínú eegun. Ó ní oògùn ẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fúnni, ẹsẹ̀ mi ṣì lè padà bọ̀ sípò. Àmọ́ mi ò gbọdọ̀ máa fo oògùn, torí àìsàn yìí, tó bá rí àyè sinmi, ṣe ló máa ń gbọ́n sí i. Níwájú nọ́ọ̀sì ni màá ti máa gbé e mì láràárọ̀, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí títì ní Jikwoyi. Ẹ̀yìn mi náà sì gbọ́dọ̀ wà ní tààrà, kẹ́nikẹ́ni má máa ká mi bí ẹní.

Ó wo Bàbá mi lójú. "Ẹ wá àga onítáyà fún un."

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Màmá mi fi sọ̀rọ̀. "Kẹ̀kẹ́ arọ? Fún ọmọ tèmi? Ọlọ́run ò ní jẹ́. Kò ní wọlé mi."

Ẹ má bínú sí i. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í tẹ́ ẹní de àìsàn. Ẹsẹ̀ dun bàbá ẹ̀ nígbà kan, wọ́n ra ọ̀pá fún un, bàbá ò fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ títí ó fi kú. Lójú Màmá mi, ọ̀pá ló pa á. Ó gbà pé tẹ́ ẹ bá gbé àga fún àìsàn, á jókòó, á bèèrè omi, kò sì ní lọ mọ́.

Bó ṣe di pé Bàbá mi ló di àga onítáyà nìyẹn. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ kan tí ọ̀gbàrá ti jẹ ni ilé wa wà, takisí ò lè wọ̀ ọ́, ọ̀kadà ń bẹ̀rù ẹ̀. Láràárọ̀ Bàbá á pọ̀n mí, èmi tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n, ẹsẹ̀ mi á máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Àwọn èèyàn á ní, "Baba Onípákó, ọmọ yín ti tóó rìn o!"

Bàbá á dáhùn pé, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, àbíkẹ́yìn mi ni."

Mo máa ń gbọ́ èémí ẹ̀ létí mi. Kì í ṣe èémí ọ̀dọ́mọkùnrin. Nígbà tí òjò wá pọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ ní àárín gẹ̀rẹ́, àwa méjèèjì bá ara wa nínú ẹrẹ̀. Èmi dojú kọ òkè. Sánmà dára lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, àwọsánmà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àgùntàn tí wọ́n ń dà lọ sí Dei-Dei. Bàbá mi ò lè dìde. Ìbàdí ẹ̀ ti yẹ̀.

Mi ò rí oògùn lò lọ́jọ́ náà. Mi ò rí i lò lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì pè wá lórí fóònù, ohùn ẹ̀ gba gbogbo pálọ̀ kan. "Kàmọ́rù, tó o bá ń fò ó báyìí, oògùn yìí ò ní ràn ẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn á lọ pátápátá." Màmá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń sunkún, àmọ́ kò sọ pé ká ra àga. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló wá ń gbé mi lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sígbà tí wọn kì í ká mi bí ẹní.

Tí wọ́n bá dá mi padà, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń tẹ́ mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti di ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ. Nínú orí mi ni o! Mo ṣe bàtà tó ní ẹ́ńjìnnì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀dì tó ń fò, tó ń gba orí páànù àwọn ilé kọjá bí ẹyẹ lékelèké. Mo ṣe àtẹ̀gùn kan tó ń rìn fúnra ẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé orí àpáta tí mò ń wò lókèèrè, tí àwọn arúgbó jókòó lórí ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ gúgúrú lọ sókè. Gbogbo ẹ̀ ló máa ń dẹnu kọlẹ̀. Nínú àlá tèmi gan-an, epo máa ń tán nínú bàtà mi. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, ló gbọ́ nílé, ló wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Èèyàn kékeré ni, eékún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ògiri ló máa ń dì mú rìn. Ó wò mí. Ó wo Bàbá mi tó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ. Màmá mi kó gbogbo ẹjọ́ rò fún un, títí kan ọ̀rọ̀ àga. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ kejì ó pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀, wọ́n gbé èmi náà wá.

Ó pe Bàbá mi ní oríkì. "Àlàó, eékún ń dùn mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. A ó ra oògùn."

"Ta ló bèèrè oògùn lọ́wọ́ ẹ? Àga onítáyà ni mo fẹ́."

Màmá mi kúnlẹ̀. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan yẹn ò..."

"Ìyàwó mi, ṣé kí n máa wà lóòró ni? Àbí o ò fẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ jókòó?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ìyàwó lè bá dókítà jiyàn, ó lè bá ọkọ ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé kó má jókòó? Màmá mi ní, "Ó ti o, Ìyá wa." Bàbá mi wo ilẹ̀, èjìká ẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mú téèpù tó fi ń wọn pákó wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo ní, "Bàbá, ṣebí ti Ìyá Àgbà ni."

"Dákẹ́. Jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ ẹ."

Mállàm Dàúdà ló ṣe é, ọkùnrin tó ń jó irin lẹ́yìn ìsọ̀ Bàbá mi. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un lẹ́sẹ̀ láti kékeré, kẹ̀kẹ́ tó ń fi ọwọ́ wà, tó jó fúnra ẹ̀, ló ń gbé e káàkiri Dei-Dei, òun náà á sì máa bú gbogbo onímọ́tò. Bàbá mi ti lọ wo àwọn tí wọ́n ń tà nínú ìsọ̀ tẹ́lẹ̀, táyà àwọn yẹn tín-ín-rín, orí táìsì ni wọ́n lè rìn, iyanrìn Jikwoyi á gbé wọn mì. Mállàm wá fi táyà kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ sí i, ó so bíréèkì mọ́ ọn, ó fi pákó tó le ṣe ẹ̀yìn ẹ̀, kó dúró ṣánṣán, ó wá fi fóòmù bò ó. Nígbà tó rí ìwọ̀n ẹsẹ̀, ó ní, "Kai, Alàájì! Ìyá yín ga o!" Bàbá ní òun dá a lóhùn pé ìdílé àwọn ló ga.

Wọ́n gbé àga dé. Ìyá Àgbà gun orí ẹ̀, ó gbára lé e bí ọba. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ń fì dìrọ̀dìrọ̀ lókè, kò sún mọ́ irin ìtẹ́sẹ̀ rárá. Màmá mi dúró, ó wo ẹsẹ̀, ó wo irin.

"Ìyá wa, ẹsẹ̀ yín ò kàn án o."

Ìyá Àgbà ní, "Mo ṣì ń dàgbà."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn, ó ní bísímílà, ó gbá itan ẹ̀. "Àìsàn tó bá ń wá ibi jókòó, itan mi rè é o. Ẹ jẹ́ kó wá, mo ti gbó, kí ló fẹ́ rí jẹ lára mi?" Ó wá dìde, ó di ògiri mú, ó pè mí ní oríkì. "Àkànní, mo yá ẹ o. O ó dá a padà."

Mo ní, "Màá dá a padà, Ìyá Àgbà."

Bí a ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Mo sì rí i tí ojú Màmá mi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àyálò ni. Àìsàn ò lè gba ohun tí kì í ṣe tẹni tó ń ṣe. Bàbá mi náà lọ gbé pákó gígùn kan wá, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa. Ó dúró tì í, ó ń họrí. Láti ìgbà tó ti ń ta pákó, kò ronú kan ẹnu ọ̀nà ara ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó gbé òmíràn lọ sí ilé ìwòsàn, torí àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn tára wọn le nìkan ló ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, mo rò pé àlá ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń tì mí gun gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn mi dúró ṣánṣán, kò sẹ́ni tó ká mi. Mò ń wo ojú àwọn èèyàn, kì í ṣe ẹ̀yìn orí Bàbá mi. Atẹ́gùn wọnú ẹ̀wù mi. Èéfín àkàrà ń gòkè, páànù àwọn ilé ń tàn yanran lábẹ́ oòrùn, táyà sì ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Bẹ́ẹ̀dì mi tó ń fò nìyí. Ẹlòmíràn ló ṣe é, epo ò sì lè tán nínú ẹ̀.

Mi ò fo oògùn mọ́. Ó ń sọ ìtọ̀ di pupa, ó ń dà mí nínú rú, ó sú mi débi tí mo fẹ́ jù ú nù. Ẹ má jù ú o. Ẹsẹ̀ mi ò tètè gbọ́, mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé bóyá bó ṣe máa rí nìyí. Lọ́jọ́ kan, táyà kọ lu òkúta lójú ọ̀nà. Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi agboòrùn bò mí.

"Kàmọ́rù! Ìwọ lo mi ìka ẹsẹ̀ yẹn?"

"Ìka wo?"

"Tún un ṣe."

Mo ṣe é, ṣe é. Ìka ò mì. Ó gbá mi lórí ìka ẹsẹ̀ mìíràn, ó ní mò ń fi òun ṣeré. Mo tún ṣe é, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi wá gbé orí sókè díẹ̀, bí alángbá tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Màmá mi jókòó sílẹ̀ láàárín títì pẹ̀lú agboòrùn, ọ̀kadà ń fọn fèrè sí i, kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan kọ́ ìrìn, irú èyí tí wọ́n máa ń dì mú síwájú, ẹ mọ ohun tí Màmá mi ṣe? Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e lọ bá Ìyá Àgbà. "Ìyá wa, ẹ ò ní kọ́kọ́ dì í mú fún un ni?"

Mo ti lo oògùn tán. Dókítà tún ya fọ́tò, ó ní eegun ti jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá kan ni mo fi ń rìn báyìí, mo máa ń yí bíi pẹ́pẹ́yẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń rìn kí n tó ṣàìsàn tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé pákó mọ́. Ẹ bá mi bá Bàbá mi kẹ́dùn. Mò ń kàwé fún ìdánwò yunifásítì, mo sì ń fojú ọ̀tá wo ìṣirò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí mo ti kúrò, tí ìrora ẹ̀yìn bá kọ̀ tí ò lọ, tí ara ń gbóná nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ ń rù, ẹ má dúró de ikọ́. Ẹ lọ yẹ ara yín wò. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó sórí àga onítáyà, ẹ jókòó, àga ló ń gbé èèyàn lọ síbi ìwòsàn. Tẹ́rù bá sì ń ba àwọn ará ilé yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó lè yá yín.

Mo dá àga padà lóòótọ́. Ìyá Àgbà ò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, eékún ẹ̀ ti le sí i, irọ́ tó pa lórí àga ti wá di òótọ́. Ó ń lọ mọ́ṣáláṣí lórí ẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ń lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ tuntun. Èmi ló máa ń tì í tílẹ̀ bá tẹ́jú, ìgbà míì mi ò mọ ẹni tó ń gbé ẹnì kejì lọ nínú èmi àti àga yẹn.

Jímọ̀ tó kọjá, a fẹ́ jáde, Màmá mi ní ká dúró. Ó ti gé pákó kékeré kan nínú ti Bàbá mi, ó fi aṣọ wé e, ó kúnlẹ̀ níwájú àga, ó dè é mọ́ orí irin ìtẹ́sẹ̀. Ó mú ẹsẹ̀ ìyá ọkọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e lé e. Ó kàn án rẹ́gí.

Ó gbójú sókè. "Ìyá wa, ẹ ti dàgbà tán."